Ẹ̀já Kaki Lára Ìyẹ́ Adìyẹ

Ìlá-Ọ̀ràngún,
17 Oṣù Kẹwàá, 1994.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń rí láràárọ̀, torí òun nìkan ni ohun tó yé mi nílùú yìí.

Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, Ìyá Àgbà ti wà lẹ́yìn ilé. Wọn a ká etí ìró wọn sókè, wọn a bẹ̀rẹ̀ níwájú àgò tí wọ́n fi bo àwọn adìyẹ mọ́lẹ̀. Wọn kì í ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ òsì a gbé etí àgò sókè díẹ̀, ìwọ̀n ibi tí adìyẹ kan lè gbà jáde. Ọwọ́ ọ̀tún a dúró lẹ́nu ibẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń jáde, wọn a gbá a mú, wọn a fi ìka tó kéré jù tọ́ ìdí rẹ̀ wò bóyá ẹyin ń bọ̀ lónìí. Èyí tó bá ní ẹyin nínú, wọn a dá a padà sábẹ́ àgò. Èyí tí kò bá ní, wọn a fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú fúù, wọn a jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a fi eérú fọ ọwọ́, wọn a wo ojú ọ̀run bóyá àṣá wà níbẹ̀, wọn a wọlé. Gbogbo ìgbà yẹn, èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tèmi ti ìgbálẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọn a ní, "Hùn." Hùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ń bá mi sọ láàárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹ ti ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú pé mi ò kọ̀wé. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ kọ tí kò ní mú yín sunkún ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, "Ọmọ Jọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, bí àwọn náà bá sì ki Ìgbómìnà wọn mọ́lẹ̀, ìdajì ni mò ń gbọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ́yìn ni mò ń jókòó. Láti ibẹ̀, mo ti mọ ẹni tó ń wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo mọ ẹni tí kì í jẹun kó tó wá. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ orúkọ mi.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyá Àgbà pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n gbé abo adìyẹ kan lé mi lọ́wọ́. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ pupa, wọ́n sì so ẹ̀já aṣọ kaki kan mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ òsì. Wọ́n ní, "Rọra, ó ń yé." Ìyẹn náà nìyẹn, wọ́n wọlé lọ. Màmá mi, n kò mọ̀ pé ohun ọ̀sìn lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Gbogbo ara rẹ̀ ń lù kìkì.

Àwọn adìyẹ tó kù ń ṣá a lórí lábẹ́ àgò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ má fo ọ̀kan.

Èmi ọmọ yín,
Tinúadé.


Jọ́ọ̀sì,
2 Oṣù Kọkànlá, 1994.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Mo ti ní kí n wọ ọkọ̀ wá wo ibi tí wọ́n gbé ọ pamọ́ sí. Ìwọ tí o kọ lẹ́tà ojú méjì nípa ìdí adìyẹ, o ò sọ bóyá ò ń jẹun, o ò sọ bóyá ikọ́ yẹn ti lọ. Ikọ́ ńkọ́?

Inú mi dùn sí adìyẹ náà. Ó yà mí lẹ́nu pẹ̀lú. Gbọ́ bí o ó ṣe kọ́lé rẹ̀. Má kọ́ ọ sórí ilẹ̀. Fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó ga tó orúnkún rẹ, kí o ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tó ní ọ́ìlì dúdú ti mẹkáníìkì, kí èèrà má baà gùn ún. Ojú ilé náà ni kó kọ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Jẹ́ kí àlàfo wà láàárín pákó ìsàlẹ̀ kí ìgbẹ́ wọn lè máa jábọ́, ṣùgbọ́n kí ó má fẹ̀ ju ìka kan lọ. Rọ́bà táyà ni kí o gé ṣe ìdè ilẹ̀kùn, kì í dípẹtà.

Bó bá pamọ, òtútù ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọgọ́ta òròmọdìyẹ funfun wálé, fìtílà ni mo gbé sáàárín wọn. Lọ́dún tó kọjá, èédú ni mo lò, mo ti fèrèsé pa; èéfín ló pa méjìlá nínú wọn, mo sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù. Nítorí náà, wò wọ́n, wọn á sọ fún ọ. Bí wọ́n bá wọ́ jọ, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri bí ọmọ iléèwé tó gba ìsinmi, lọ sùn.

Aṣọ tó wà ní ìyẹ́ rẹ̀ yẹn, tú u, kí o sun ún. Abẹ́ irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni iná adìyẹ máa ń sá sí, bó bá sì dé ara àwọn ọmọ, ẹ̀jẹ̀ wọn ni yóò mu gbẹ. Mo fi ìṣó, nẹ́ẹ̀tì onírin àti àgádágodo kan rán Ṣàkírù awakọ̀. Ti ilé náà lálaalẹ́, kí o so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Kò sí ìlú tí kò ní olè adìyẹ.

Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé wọ́n béèrè mi? Mi ò bú wọn o, àgbà ni wọ́n, ọkọ mi sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọjọ́ tí a gbé òkú bàbá rẹ wálé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Gbogbo ìdílé ló wá kí mi kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló rìn jáde gba ẹ̀yìn ilé lọ, tí a sì wọ ọkọ̀ padà láìfojú kàn wọ́n mọ́. Mo mọ ohun tó wà nínú wọn: èmi ni mo dá àbúrò wọn dúró sílẹ̀ òkèèrè títí ó fi kú síbẹ̀. Mo rán ọ lọ síbẹ̀ kí o lè mọ àwọn èèyàn bàbá rẹ, kì í ṣe nítorí pé ara mi tù mí sí i. Bí wọ́n bá ti fún ọ ládìyẹ, bóyá ọkàn wọn ti ń rọ̀ sí ọ. Ohun tí a bá fúnni, a ti fúnni nìyẹn. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
4 Oṣù Kejìlá, 1994.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Ikọ́ ti lọ. Mò ń jẹun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, mò ń ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo. N ó sọ ọ́.

Ilé adìyẹ ti dìde. Bàbá Àlàbí tó ń lagi lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá ló fún mi ní èèpo pákó. Wọ́n bi mí pé ta ló bí mi, mo ní Oyèdọ̀tun. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n tún fi pákó gidi mẹ́ta lé e. Mo gé ẹsẹ̀ kan kúrú ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí arúgbó tó ń gbọ́ òfófó. Òkúta ni mo fi tẹ́ ẹ. Adìyẹ sàba lé ẹyin mọ́kànlá. Méjì bàjẹ́, mẹ́sàn-án pa! Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ ń fi ẹnu lu èèpo ẹyin. Ó lù ú, ó sinmi, ó tún lù ú. Mi ò lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú.

Mo ti sun ẹ̀já kaki yẹn bí ẹ ṣe wí, mo sì ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ kejì tí wọ́n pa, Ìyá Àgbà wá wò wọ́n. Ọwọ́ wọn bá irin. Wọ́n yí àgádágodo náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, bí ẹni tó ń wo obì tó ti kó kòkòrò. Wọ́n yọjú gba ojú nẹ́ẹ̀tì wo ìyẹ́ adìyẹ.

Wọ́n ní, "Aṣọ ara rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Mo ti sun ún, mà. Iná adìyẹ ló ń kó sí i."

Wọ́n ní, "O sun ún."

Wọn ò fi bi mí. Wọ́n kàn tún un sọ ni. Wọ́n wọlé, láti ọjọ́ náà wá ni wọn ò ti sọ Hùn mọ́. Oúnjẹ mi wà lórí tábìlì lálaalẹ́, wọ́n á ti dé e. Bí mo bá kúnlẹ̀, wọn a gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ìyá Àyànlọ́lá tí ilé wọn kángun sí tiwa na ọrùn gba orí ògiri, ó ní, "Ọmọ Jọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o! Àwa ò mọ̀ pé báńkì lẹ kọ́ sẹ́yìn ilé!" Ó sì fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe, láìmọ ohun tí à ń fi ṣẹ̀rín.

Ní alẹ́ àná ni wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá gba ìsinmi Kérésì, wá yàrá sí ìtòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà lè dá gbé."

Màmá mi, kí ni mo ṣe? Mi ò jalè, mi ò fèsì tí kò dáa. Mo ronú padà sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu mi láti oṣù Kẹsàn-án, wọn ò pọ̀, mi ò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wọn. Èmi tí mo rò pé ara mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé yìí.

Ọmọ yín,
Tinúadé.


Jọ́ọ̀sì,
13 Oṣù Kejìlá, 1994.

Àbẹ̀kẹ́,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kí o di ẹrù rẹ. Ṣàkírù ni yóò mú èyí wá fún ọ. Ó ń lọ sí Òṣogbo, yóò sì tún gba Ìlá padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù yìí. Bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kó adìyẹ rẹ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dání, má fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún wọn.

Wọ́n kẹ̀yìn sí mi lójú òkú ọkọ mi, mo gbé e mì. Wọn ò ní kẹ̀yìn sí ọmọ mi kí n tún gbé ìyẹn náà mì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò tán níbí. Bí o bá sì pàdánù ọdún kan, ọdún náà a padà wá.

Má bá wọn fa ọ̀rọ̀. Kúnlẹ̀ kí o dágbére, kí o máa bọ̀. Mo ti fọ aṣọ ibùsùn rẹ. Fi nǹkan bo àwọn òròmọdìyẹ lójú ọ̀nà nítorí ọyẹ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
19 Oṣù Kejìlá, 1994.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ọyẹ́. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú.

Nígbà tí tiyín dé, mo di ẹrù bí ẹ ti wí. Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àlàbí láti tọrọ pákó pẹlẹbẹ tí n ó fi kan àpótí tí mo lè gbé adìyẹ náà sí. Wọ́n ti mú ayùn dání kí wọ́n tó bi mí pé adìyẹ wo.

Mo ní, "Èyí tí Ìyá Àgbà fún mi."

Wọ́n gbé ayùn sílẹ̀. "Ẹfúnróyè fún ọ ládìyẹ? Kò sí àmì lára rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀já aṣọ kan wà níbẹ̀. Mo ti sun ún."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé wọn kì í gba adìyẹ sìn ní Jọ́ọ̀sì ni?"

Màmá mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhìn-ín rèé. Ẹni tó bá gbé abo adìyẹ fún èèyàn tòun ti àmì lára rẹ̀, kò tà á, kò sì fi tọrẹ. Ó ní kó bá òun sìn ín ni. Bó bá pamọ, wọn a pín àwọn ọmọ náà sí méjì. Àmì yẹn ni àdéhùn, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá tú àmì ti sọ ohun olóhun di tirẹ̀. Bàbá Àlàbí ní, "O tú àmì, ó ku díẹ̀ káàtó. O tún wá ti irin mọ́ ọn! Ká ní ọkùnrin ni ọ́, wọn ì bá ti pe àwọn àgbà ilé."

Mo ní àlejò ni mí, mi ò mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. "Ta ló ń gbé àgbàsìn fún àlejò? Àlejò á lọ. Bó bá lọ, ta ni olúwarẹ̀ á wá bá pín ọmọ adìyẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé bọ̀ wálé. Mo rò pé ṣe ni wọ́n fi adìyẹ dá mi sí ọ̀tọ̀, kí n gba ti ara mi kí n má yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti ní kí n dúró láti oṣù Kẹwàá, èmi ni mi ò gbọ́.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ẹ fi orí jì mí, mà. A kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ibi tí mo dàgbà sí." Mo na kọ́kọ́rọ́ sí wọn.

Wọ́n wò ó. "Kí ni n ó fi ṣe? Ilé tí èmi fúnra mi ń gbé ò ní kọ́kọ́rọ́."

Mi ò dìde. Wọ́n ṣa ẹ̀wà títí ó fi ku díẹ̀ nínú àtẹ, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú wọn wà lórí ẹ̀wà. Màmá mi, èmi tí mo rò pé wọn kì í sọ̀rọ̀! Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Nígbà tí Oyèdọ̀tun ń lọ Jọ́ọ̀sì, abo adìyẹ kan ṣoṣo ló ní láyé. Ó gbé e wá fún mi, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sìn ín, n ó wá pín tèmi.' Ó ya ẹsẹ̀ ṣòkòtò kaki rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn. Láti ọdún náà wá, ìpín tirẹ̀ nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n ń pa, mò ń so kaki mọ́ ọn. Àrùn lúkúlúkú pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹyọ kan, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń wá lọ́dún mẹ́ta mẹ́rin, á rẹ́rìn-ín, á ní, 'Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pọ̀ sí i.' Ẹ̀já tó gbẹ̀yìn lára ṣòkòtò náà ni o sun."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Dákẹ́. Aṣọ ló jó, adìyẹ ò jó."

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí n kò gbọdọ̀ bi wọ́n. Mo ní, "Màmá mi ní lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ rìn jáde, ẹ ò sì padà wá kí àwọn."

Wọ́n gbójú sókè nígbà náà. "Ohun tó ń sọ nìyẹn? Mo lọ kó ìpín ọkọ rẹ̀ wá fún un ni! Ó di mẹ́rìnlá lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ti jẹ̀ lọ. Ṣé ìwọ ti mú adìyẹ tó ń jẹ̀ lọ́sàn-án rí? Mo lé wọn dé ẹ̀yìnkùlé Jóṣúà aládùúgbò wa, mo ṣubú sínú ewé kókò. Àwọn èèyàn ní ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú. Nígbà tí mo fi rí mẹ́ta mú, tí mo dé ojúde, eruku ọkọ̀ yín ni mo bá."

Màmá mi, ẹ̀rín àti ẹkún pa mí pọ̀. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ejìká wọn ń gbọ̀n. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń rò pé ẹ kò fẹ́ dúró gba ohun ọkọ yín, pé ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdílé. Èmi wá dé, mo tún ti tèmi.

Lánàá a jọ pín wọn. Àwọn ni wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni mò ń sọ ti ẹni tó jẹ́. Mẹ́rin ti Ìyá Àgbà tó ti ń bá Bàbá mi sìn wọ́n bọ̀, mẹ́rin tèmi ní orúkọ Bàbá mi. Ó ku ọ̀kan, abo kékeré kan tó ń jà ju gbogbo wọn lọ. Mo ní kí wọ́n mú un. Wọ́n ní, "Rárá. Ti ìyàwó wa nìyẹn. Kì í sì ṣe Ṣàkírù ni yóò gbé e lọ o. Kó wá mú un fúnra rẹ̀, èmi ò ní agbára àtisáré lé adìyẹ mọ́." Wọ́n ní kí n fi àgádágodo ti àpótí gàrí mi, torí àwọn mọ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nítorí náà, ẹ má bínú pé mi ò gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu. Mo ti tú ẹrù. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ibùsùn yẹn wà níbẹ̀ di ìsinmi gígùn. Ẹ tún kọ̀wé sí mi lórí bí ẹ ṣe ń fún tiyín ní abẹ́rẹ́ lúkúlúkú. Ìyá Àgbà ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀la ni Ṣàkírù ń kọjá. N ó jí lọ dúró dè é ní gáréèjì, n ó fi lẹ́tà yìí lé e lọ́wọ́, n ó sì sọ fún un pé mi ò lọ mọ́. Lẹ́yìn náà n ó bi í ní ọjọ́ tó tún ń bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì, n ó sì ní kó má ta ìjókòó iwájú fún ẹnikẹ́ni, torí pé ìyàwó ilé wa ni yóò jókòó síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Tinúadé Oyèdọ̀tun.